Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré lórí kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi: ṣé ó ṣeé ṣe?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Nígbà tí bàbá mi papò dà, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ológeere Raleigh kan sílẹ̀, irú èyí tí ó ga, tí táyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 28, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀pá irin ni ó ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò wáyà. Fúrémù rẹ̀ kò dógùn-ún rárá, nítorí pé inú yàrá ni wọ́n máa ń gbé e sùn bí ẹni pé ọmọ ni. Oko mi wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Oǹdó, nǹkan bíi kìlómítà 11 sí ilé wa ní Ifẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọ̀kadà ti ń jẹ èrè ẹ̀gẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan nílé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ai-pásì-máì-néíbọ̀. Apá tí ń pèsè iná lára rẹ̀ ti jóná, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ó jẹ́ 63cc (ìwọ̀n àyè inú ẹ́ńjìnnì), ṣì ń dún ketekete bí a bá fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ń rò ó pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí méjèèjì jókòó lásán. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá mo lè fi ṣéènì so ṣáfúùtù ẹ́ńjìnnì yìí (ọ̀pá rẹ̀ tí ń yí) mọ́ táyà ẹ̀yìn tààrà, àti bóyá ó lè gbé èmi tí mo wọn kílò 75 pẹ̀lú ẹrù kílò 20 lẹ́yìn mi. Wẹ́dà kan ní ìtòsí wa ní òun yóò jó ìjókòó ẹ́ńjìnnì mọ́ fúrémù ní ọjọ́ kan péré. Ṣé kí n gbà fún un? Ẹ̀kẹta ni ti ọ́ìlì: aládùúgbò mi ní kí n máa rọ ọ́ìlì púpọ̀ sínú epo kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná, nítorí pé lójú tirẹ̀, ọ́ìlì kì í pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ni mo fẹ́ kí ó dá mi lóhùn.

Bàbá Tọ́nà (Iléṣà)

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ tọ́nà, ìyẹn gbígbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ, ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ní Iléṣà níbí, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni mo sì ti fi ẹ́ńjìnnì sí, tí mo ṣì ń gun ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìpàdé. Ohun tí o fẹ́ ṣe ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí o ní yẹn ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Bí a ó ṣe rẹ eré rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé táyà, àti bí a ó ṣe dá kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́yìn tí ó bá ti sáré, níbẹ̀ ni owó àti làálàá wà.

Jẹ́ kí a ṣírò ó, nítorí pé ọmọ òṣómàáló kì í ná owó tí kò tíì kà. Jẹnẹrétọ̀ irú tìrẹ gbọ́dọ̀ máa yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé láti ara yíyí yẹn ni iná 50Hz tí à ń lò nílé ti ń jáde. Táyà ínṣì 28 máa ń rin nǹkan bíi mítà 2.2 bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan tí táyà náà sì yí lẹ́ẹ̀kan, eré kìlómítà 396 ní wákàtí kan ni o ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kò ní sá a, ẹ́ńjìnnì yóò kàn kú mọ́ ọ lábẹ́ ni, nítorí pé kò ní agbára tí yóò fi yí táyà tí ènìyàn jókòó lé ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi àwo eléyín 11 tí ṣéènì ń rọ̀ mọ́ sí ara ẹ́ńjìnnì, tí o sì fi eléyín 44 sí ẹ̀yìn, ìlọ́po mẹ́rin ni o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ṣì ku kìlómítà 99. O ní láti tún un rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin mìíràn kí ó tó bọ́ sí nǹkan bíi kìlómítà 25, èyí tí ó bá kẹ̀kẹ́ ológeere mu. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ṣáfúùtù kejì sí àárín méjì: ṣéènì kan láti ẹ́ńjìnnì dé ibẹ̀, ṣéènì kejì láti ibẹ̀ dé táyà, tí ṣáfúùtù àárín yẹn sì dúró lórí bẹ́árìn méjì tí kò gbọ́dọ̀ mì rárá.

Ohun kejì tí jẹnẹrétọ̀ kò ní ni kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, nítorí pé wọn kò ṣe é láti dúró ní ìkòríta. Èyí tí mo máa ń lò ni kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀rọ ìgégi, tí ń di ara rẹ̀ mú nígbà tí eré bá ròkè, tí ń tú sílẹ̀ nígbà tí eré bá wálẹ̀. Orí ṣáfúùtù ẹ́ńjìnnì gan-an ni kí o fi í sí. Bí o bá fi í sí orí ṣáfúùtù àárín, níbi tí eré ti dín kù ní ìlọ́po mẹ́rin, kò ní di nǹkan kan mú láéláé. Mo mọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi tèmi sí. Lẹ́yìn náà, o ní láti yọ sípírìn kékeré tí ń so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń dá eré dúró sójú kan, kí wáyà láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè máa ṣí i bí o bá ṣe fẹ́. Nígbà tí o bá ti yọ ọ́, kò sí ohun tí yóò dá ẹ́ńjìnnì náà lẹ́kun mọ́ bí kò ṣe ọwọ́ ara rẹ.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbé yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Soichiro Honda ní ìlú Hamamatsu ní Japan rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun fi ń pèsè iná fún rédíò wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìgò tí wọ́n fi ń gbé omi gbígbóná sùn nígbà òtútù ni ó fi ṣe táǹkì epo fún àkọ́kọ́. Àmọ́ kíyè sí i pé nígbà tí nǹkan bí 500 ẹ́ńjìnnì yẹn tán, kò wá òmíràn irú wọn kiri. Ní ọdún 1947 ó ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí ó bá kẹ̀kẹ́ mu. Jẹnẹrétọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fún ọ, ṣùgbọ́n yóò máa bá ọ jà.

Ẹ̀tò ẹ́ńjìnnì àti àwọn ohun èlò rẹ̀ tí wọ́n tò jọ fún kẹ̀kẹ́ ológeere tún wà, tí kílọ́ọ̀ṣì ti wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń tà á ń pè é ní 80cc, ṣùgbọ́n bí o bá wọn ihò tí píṣìtìnnì wà, tí ó jẹ́ mìlímítà 47, tí o sì wọn ìrìn rẹ̀, tí ó jẹ́ 38, nǹkan bíi 66cc ni yóò já sí. Kí o tó ra èyíkéyìí, ka sípóòkù táyà ẹ̀yìn rẹ. Àwo eléyín ńlá inú ẹ̀tò yẹn máa ń fi rọ́bà àti bóòtù 9 gbá sípóòkù mú, táyà onísípóòkù 36 ni wọ́n sì fi wé. Kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà máa ń ní 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn. Bí tìrẹ bá jẹ́ 40, bóòtù yóò máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ láàárín sípóòkù, àwo náà kò sì ní dúró gbọọrọ. Tọ́nà ni yóò gbẹ́ irin tí yóò gbá họ́ọ̀bù (àárín táyà) fúnra rẹ̀ mú fún ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣe mí. Nínú kẹ̀kẹ́ kejì tí mo ṣe, mo so irin tí ń fa ṣéènì le mọ́ fúrémù pẹ̀lú ìgbámú kan ṣoṣo, láìfi bóòtù kejì dè é. Ní ọjọ́ kan tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan ní Iléṣà níbí, irin náà yí, ó wọ àárín sípóòkù, táyà ẹ̀yìn sì dúró lójijì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ òsì jẹun. Bí ó bá jẹ́ pé òmíràn ni o gbàgbé nínú gbogbo ohun tí mo sọ, má gbàgbé irin yẹn.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni bíréèkì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ohun tí bíréèkì ní láti gbà mì di ìlọ́po mẹ́rin. Bíréèkì onírin bàbá rẹ, tí ń fi rọ́bà gbá rìímù dídán, kò ní dá ọ dúró nínú òjò, kódà ní eré ẹsẹ̀. Lọ ra fọ́ọ̀kì iwájú àti táyà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ní bíréèkì aláwo (disc brake), kí o fi sí i kí ẹ́ńjìnnì tó débẹ̀.

Ajórin Mòdákẹ́kẹ́

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Iṣẹ́ wẹ́dà ni èmi náà ń ṣe, obìnrin ni mí, ọ̀rọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo sì fẹ́ dá sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná wẹ́dà kan fúrémù yẹn. Wọn kò fi iná jó o láti ilé iṣẹ́. Wọ́n ki páìpù bọ inú àpò irin ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọ́ idẹ sí àárín wọn kí ó lè dì. Páìpù náà fẹ́lẹ́. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n yóò lu ú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n pàápàá yóò sì fi ibi tí ó gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó sílẹ̀ ní gbígbẹ. Kò ní ṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì ni yóò là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó, bóyá nígbà tí ẹ wà lórí eré. Mo ti gba fúrémù méjì tí ó ṣẹ́ báyìí rí, wọ́n ní kí n tún un jó, mo kọ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń jó ìjókòó náà lọ́tọ̀ láti ara irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mìlímítà 5, n ó sì wá fi ìgbámú tí ó rọ̀ mọ́ páìpù bí ẹ̀gbà ọrùn gbé e kọ́ fúrémù ní ibi méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ lè fi awẹ́ rọ́bà tíúbù ògbólógbòó kan tẹ́ ẹ kí irin má bàa ha páìpù, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹyọ kan, kí ó sì tín-ín-rín. Àwọn kan máa ń to rọ́bà sí i bí ìrọ̀rí pé kí ó lè gba ìgbọ̀n náà mì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yóò wá ní àyè láti máa jó lórí rẹ̀, tí yóò sì máa já bóòtù ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì tí ó ní rọ́bà nínú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi sípánà yẹ gbogbo wọn wò lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ jó táǹkì epo, kí ó jẹ́ irin tí kò tíì gba epo rí. Táǹkì tí a ti da epo inú rẹ̀ nù ṣì ní èéfín epo nínú, èéfín yẹn ni ó sì ń bú gbàmù.

Ọmọ Iná Mọ̀nàmọ́ná (Ilé-Ifẹ̀)

Mo kí gbogbo ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní yunifásítì wa níbí, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Aládùúgbò yín ṣi í mú. Ihò inú kábúrétọ̀ kò mọ̀ bóyá epo ni ó ń gba inú òun kọjá tàbí ọ́ìlì. Ìwọ̀n omi kan náà ni ó ń jẹ́ kí ó kọjá. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ nínú omi yẹn, epo ti dín kù nìyẹn, afẹ́fẹ́ tí ó ń bá a jó kò sì dín kù, nítorí náà ẹ́ńjìnnì yóò máa jó gbẹ, yóò sì túbọ̀ gbóná. Èyí tí kò jó nínú ọ́ìlì yóò di èédú lórí púlọ́ọ̀gì àti nínú ọ̀nà èéfín. Bí ìwé tí ó bá ẹ̀rọ yín wá bá ní 50 sí 1, mìlílítà 20 ni ẹ óò fi sí lítà epo kan. Bí ó bá ní 25 sí 1, mìlílítà 40 ni. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gúnni lábẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹ má fi ìdérí wọ̀n ọ́n, kí ó sì jẹ́ ọ́ìlì 2T, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀. Bí orí púlọ́ọ̀gì bá pupa bí awọ obì gbígbẹ lẹ́yìn ìrìn, ó dára. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù rinrin, ó pọ̀. Bí ó bá funfun, ẹ tètè dúró.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti ro ti bátìrì wò? Jẹ́ kí èmi náà ṣírò bí Bàbá ti ṣírò. Ẹ̀yin, ẹrù, kẹ̀kẹ́ àti bátìrì yóò tó kílò 125. Láti gun òkè tí ó ń ga ní mítà 5 nínú 100 ní eré kìlómítà 15, nǹkan bíi wáàtì 300 ni táyà ń fẹ́. Ẹ̀rọ oníná 250W tí ń gbé inú họ́ọ̀bù yóò máa mí hẹlẹ lórí òkè bẹ́ẹ̀ bí ẹ kò bá fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́, 500W ni mo yàn fún yín. Bátìrì 36V tí ó jẹ́ 10Ah ní wáàtì-wákàtí 360 nínú. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń jẹ 15 ní kìlómítà kan, àlọ àti àbọ̀ yín tí ó jẹ́ kìlómítà 22 yóò jẹ 330, ìyẹn sì ti fẹ́ gbá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ ra èyí tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ máa wa pẹ́dàlì. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn 100W kan ní abà oko yín lè dá apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kò ní nílò ṣáfúùtù àárín, ẹ kò ní nílò kílọ́ọ̀ṣì. Irin kan péré ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sí i, èyí tí yóò di ásù họ́ọ̀bù (ọ̀pá àárín rẹ̀) mú mọ́ fúrémù kí ó má bàa yí ara rẹ̀ jáde. Kí ẹ sì má ra bátìrì tí wọ́n tò jọ láti inú láptọ́ọ̀pù àlòkù, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba máa ń fa ara wọn sínú iná, tí irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbọ́ ti omi bọ̀rọ̀.

Bàbá Tọ́nà (Iléṣà)

Ọmọ Iná, o kú làákàyè, mi ò bá ọ jiyàn lórí ti òkè. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ ni pé àgbẹ̀ yìí ti ní ẹ́ńjìnnì nílé, owó bátìrì tí ó tó iṣẹ́ yẹn yóò sì ra ẹ̀gẹ́ tí ó ń kó bọ̀ fún ọdún kan. Bí bátìrì bá sì kú sí ojú ọ̀nà Oǹdó ní àṣálẹ́, ta ni yóò ta á ní bátìrì ní lítà kan? Ṣùgbọ́n bí ó bá lówó lọ́wọ́, ọ̀nà tìrẹ kò pariwo, kò sì ń rùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún ṣẹ́kù. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ohun tí ó bá ti ní ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ológeere mọ́. Lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn kí o tó gbé e jáde sí títì ńlá, kí o bi wọ́n ní ìwé tí wọn yóò gbà. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé akoto kò kan kẹ̀kẹ́ tìrẹ.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Oǹdó (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá, Ajórin àti Ọmọ Iná. Mo jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà lánàá, mo ka sípóòkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: 32 níwájú, 40 lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Mo tún da omi sí rìímù, mo sì tẹ bíréèkì bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà ilé wa láìwa pẹ́dàlì. Mo kọjá ẹnu ọ̀nà wa, mo kọjá ti ẹnìkejì mi, ẹsẹ̀ ni mo fi dúró.

Mo ti dá wẹ́dà ìtòsí wa dúró. Ní ti bátìrì, mo bi ará ọjà kan ní iye rẹ̀ ní Lágeré, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé. Ẹ́ńjìnnì tí mo ní ni n ó lò, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì àti bíréèkì aláwo ni n ó kọ́kọ́ fi owó tí ó wà lọ́wọ́ mi rà. Bàbá, bí ẹ bá fún mi láyè, mo fẹ́ wá sí Iléṣà ní ọjọ́ Sátidé kí ẹ lè bá mi wọn họ́ọ̀bù fún irin tí ẹ sọ yẹn. Ṣé kí n gbé táyà ẹ̀yìn nìkan wá, àbí kẹ̀kẹ́ náà lódindi?

Bàbá Tọ́nà (Iléṣà)

Gbé e wá lódindi, kí o sì gbé ẹ́ńjìnnì náà dání, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá sí níbẹ̀, n kò ní mọ ibi tí ṣéènì yóò gbà kọjá láìha fúrémù. Da epo inú rẹ̀ nù kí o tó wọ ọkọ̀.